Àgò ní Ìlú Eérú

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Fadérera, kì í wọ ilé kankan láìkágò. Ìyá wa ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi gbafẹ́ dé Ítálì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbẹ̀, Máàkò tó ń mú wa kiri mú wa gun òkè kan tó máa ń yọ iná. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, a gba inú àwókù ìlú tí eérú òkè náà bò mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́. Kòkòrò kan ò ké níbẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ wa nìkan là ń gbọ́, àmọ́ tí a bá dúró, ẹsẹ̀ kan máa ń pẹ́ kó tó dúró.

Níwájú ilé kan tí kò lórùlé, Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Àgò onílé o!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò dá yín lóhùn, alángbá?"

"Àgò yà," ẹnìkan dáhùn láti inú ilé náà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Orí mi wú. Máàkò, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Eérú nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ta lẹ jọ wá?" Máàkò bi wá lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Mopélọ́lá, sáré!" Àǹtí pariwo mọ́ mi.

A sáré dé òtẹ́ẹ̀lì, a ti ilẹ̀kùn yàrá wa pa. Àǹtí ń gbọn eérú kúrò nínú bàtà rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Àgò onílé o."

Mo nawọ́ láti bo ẹnu Àǹtí. Ọwọ́ mi ò tíì débẹ̀ tó fi dáhùn, bí ìyá wa ṣe kọ́ ọ:

"Àgò yà."