Kòtò Ojú Òṣùpá

Ṣàfíù, tíṣà láti Ilé-Ogbó, fẹ́ fẹ́ Kùdírátù. Bàbá ọmọ náà, Àlùfáà Àmúdà, kò tíì gbà. Ó ní ẹnu ọmọkùnrin náà dùn jù. Lọ́dún 1956, ó tún gbọ́ pé Ṣàfíù ń sọ fún Kùdírátù pé kòtò ńláńlá wà lójú òṣùpá. Bí oṣù àwẹ̀ bá fẹ́ lé, Àlùfáà wà lára àwọn tí Ìwó ń gbójú lé láti rí i. Ó ránṣẹ́ pe Ṣàfíù pé kó wá fi kòtò han òun. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kó gbàgbé Kùdírátù.

Ṣàfíù dé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tẹ́ àwòrán kan sórí ẹní níwájú Àlùfáà. Awò tí ń mú ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni ni òyìnbó fi yà á. Kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀.

"Òkúta ńlá ló já lù ú láti òfurufú, Bàbá. Ògiri rẹ̀ rèé yíká, ó ṣe ìpele-ìpele wọnú bí àtẹ̀gùn. Ibi dúdú yìí ni òjìji ògiri náà. Òkè kékeré tó yọ láàárín rẹ̀ nìyí."

Àlùfáà wò ó pẹ́.

"Lọ kí ìyá Kùdí lẹ́yìnkùlé ná."

Nígbà tí Ṣàfíù padà wọlé pẹ̀lú Fàtímọ̀, ìyá Kùdírátù, àwòrán náà wà lórí ẹní, Àlùfáà sì ń fa tẹ̀súbáà.

"Ìyá Kùdí, kí lo rí yìí?"

Fàtímọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Òkè ni. Òkè rìbìtì, ihò wà lórí ẹ̀. Àbí eéwo ló sọ òṣùpá ni?"

Kùdírátù rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

"Òkè lèmi náà ń wò," Àlùfáà ní. "Tíṣà ńkọ́?"

Ṣàfíù wò ó, ó tún gbójú sún mọ́ ọn. "Kòtò ni, Bàbá. Òjìji yẹn ló…"

"Ta ló bi ọ́ ní òjìji? Ṣé ojú tí mo fi ń wo oṣù fún gbogbo ìlú ló ń tàn mí jẹ?"

Ẹ̀rín ti tán lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ṣàfíù tún dọ̀bálẹ̀.

"Rárá o, Bàbá. Òkè ni. Èmi ni mo ṣì í wò."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá. Òkè ni."

"Ẹ ò rí i, Bàbá Kùdí," Fàtímọ̀ ní, "ó ṣì í wò ni, kò purọ́."

Àlùfáà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣàdúrà ọ̀nà fún un. Ṣàfíù fi àwòrán náà sílẹ̀ fún wọn, ó sì jáde tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tó lọ tán, Àlùfáà pe Kùdírátù, ó yí ìsàlẹ̀ àwòrán náà sókè títí òkè fi di kòtò lójú ọmọ náà, ó ní, "Bó ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún mi nìyí, òótọ́ ló sì sọ, èmi ni mo dorí ẹ̀ kodò nígbà tó wà lẹ́yìnkùlé, kí n lè mọ̀ bóyá ó lè sọ fún mi pé mo ṣì í wò, ó sì sẹ́ òótọ́ tó mọ̀, nítorí náà, wá ọkọ mìíràn."