Odi Tí Ìmàdò Mọ Sétí Òkun

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ bá mi gbe àlọ́ etíkun.

Ìmàdò fi imú wa iyanrìn etíkun, ó fi mọ odi síwájú ilé rẹ̀. Ihò tí Akàn ń tọ́mọ sí di gbangba.

Akàn bẹ̀ ẹ́: "Bàbá, iyanrìn yìí ló ń bá wa dá ìgbì dúró."

"Ìwọ tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn, ìwọ ló fẹ́ júwe ọ̀nà?"

Akàn kó àwọn ọmọ rẹ̀ gòkè, ó ń kọrin:

*Ìgbì ńlá ń bọ̀ o!*
*Tẹ̀rẹ̀nà.*

Ìgbì dé, ó gba ihò Akàn kọjá, ó gba ẹ̀yìn wọlé bá Ìmàdò. Odi sé omi mọ́ ọn.

"Akàn, gbà mí o!"

Akàn sọ̀kalẹ̀, ó gbẹ́ ìdí odi. Omi gbá iyanrìn padà sétíkun.

"Bàbá, ibi tí omi gbé e sí, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún gbogbo wa."