Oríyìn Ọ̀gá Onípolówó

Olóòtú ètò ń ka oríyìn ọ̀gá onípolówó jáde, àtẹ́wọ́ sì ń dún. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún sọ ọṣẹ tí kì í hó di ààyò ìlú, ṣé ara rẹ̀ ni kò ní lè polówó?

“Kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má bẹ ìyá rẹ̀ wò.”

Ìyá rẹ̀, tí ọ̀gá ní kí wọ́n lọ mú wá láàárọ̀, fà á láṣọ. “Ta ni wọ́n ń kì?”

“Èmi ni, Màámi.”

Màámi wò ó títí. “Ọmọ gidi ni. Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó máa yà kí mi. Ọdún mẹ́ta rèé tí ọmọ tèmi ti wá kẹ́yìn.”

Ayàwòrán dé, ó ní kí ìyá àti ọmọ sún mọ́ra.