Ìgò Inú Àpò

Dókítà ọmọ ogun náà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì kọ́kọ́ gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ níṣojú gbogbo àwọn sójà tó tò síwájú rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá fẹ́ dán abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun wò, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n fọkàn tán an bí ìyá tó bí wọn. Wọn ò mọ̀ pé omi lásán ló ń fà fún ara rẹ̀, látinú ìgò kékeré kan tó wà lápò rẹ̀. Oògùn tòótọ́ ti pa ọ̀pọ̀ ehoro tó fi dán an wò.

"Ó yá, ẹ̀yin akọni! Àbí abẹ́rẹ́ ló máa lé yín wọgbó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ká apá aṣọ. Ẹni àkọ́kọ́ bọ́ síwájú.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Àná ni wọ́n gbé mi wá sí bárékè yìí. Mo fẹ́ kó bá yín lójijì ni."

Ọmọ dókítà ni, ọ̀kan ṣoṣo tó bí.

"Padà sẹ́yìn!"

"Ká má rí i, Bàbá mi. Ohun tó bá wọ ara yín, á wọ ara tèmi náà."

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ tó ti fa oògùn sí kalẹ̀, ó mú òmíràn, ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó ń bẹ Olúwa lọ́kàn rẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má ṣe wo òun. Ó fa omi, ó gún ọmọ rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì tó kàn ò gbójú kúrò lára àpò yẹn.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìgò tẹ́ ẹ ti fa tọmọ yín ni kẹ́ ẹ ti fa tèmi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn tó tò sẹ́yìn sájẹ́ǹtì ń tú apá aṣọ wọn sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ẹnu ọ̀nà.