Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Fọ́tò Fọlákẹ́

Dúró ná, ìwọ tí ọwọ́ rẹ ti ń yún láti tẹ èsì. Gbé fóònù yẹn kalẹ̀, kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Alajo, ní Ghana.

Màmá Olútóyè ló ń bójú tó ojú ewé ìjọ wọn lórí Fesibúùkù. Bí ẹnìkan bá kọ ìsọkúsọ síbẹ̀, òun ni yóò pa á rẹ́, yóò sì fi ẹsẹ Bíbélì bá onítọ̀hún wí. Ọdún mẹ́rin ló ti fi ń parí ìjà níbẹ̀, kí ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Ẹlẹ́rìí tó dé.

Ọjọ́ Ajé kan ni Ẹlẹ́rìí bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ fọ́tò àwọn akọrin. Fọlákẹ́, ìyàwó Fẹ́mi ọmọ Màmá, tó wà lára wọn, ló dojú kọ: "Ọdún mẹ́ta nílé ọkọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni ikùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún."

Màmá kà á ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọjà Makola, itọ́ ẹnu rẹ̀ korò bí ẹni tó jẹ ẹja tó ti rà. Ó pa á rẹ́. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú fóònù náà. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ̀rọ̀ Jákọ́bù síbẹ̀: ṣé ìsun kan lè sun omi dídùn àti omi kíkorò?

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, òmíràn dé: "À bá mọ̀, à bá fẹ́ ewúrẹ́ fún Fẹ́mi. Ewúrẹ́ a máa bí ìbejì." Ó ń ṣe Màmá bíi pé ó ti gbọ́ irú rẹ̀ níbì kan rí. Ó fura sí àwọn obìnrin ìsọ̀ kejì.

"Ẹnu ni àbí ṣáláńgá?" ló bi Àkànkẹ́ àbúrò rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ. "Bí mo bá ń kà á, èébì ló ń gbé mi."

Àkànkẹ́ yíjú sí fèrèsé. "Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ọmọ tí wọ́n bí sí Ghana ló kọ ọ́."

Fọlákẹ́ gbé kontomire, ọbẹ̀ ewé kókò, wọlé, ó kúnlẹ̀. Adabraka, ní Ghana níbẹ̀, ni wọ́n bí i sí. Twi àti Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò kọjá "ẹ káàárọ̀, mà". Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà méjèèjì kì í fi dúró kó jáde kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Lóṣù tó kọjá, Màmá wí níṣojú rẹ̀ pé iyọ̀ ọbẹ̀ ọmọ yìí, ẹja òkun gan-an kò lè fara dà á. Láti ọjọ́ náà ni iyọ̀ ti dín kù. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀mí Mímọ́.

"Medaase, me ba," Màmá fi Twi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Yoo, Maame."

Pásítọ̀ Olútáyọ̀ fẹ́ ti ojú ewé náà pa. Màmá kọ̀. Ó ní àwọn aláìsàn tí kò lè jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè: ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà bá ti jáde, kó má ṣe di ipò kankan mú mọ́ nílé Ọlọ́run.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi Màmá jẹ Ìyá Ìjọ ni Pásítọ̀ ka òfin náà sétí gbogbo ìjọ. Wọ́n ṣe Àmín. Ti Màmá ló ròkè jù. Pásítọ̀ wá ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ Ẹlẹ́rìí, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó ta òróró sí Màmá lórí.

Fọlákẹ́ dìde láàrin àwọn akọrin, ó sì fi Yorùbá tó já geere sọ pé: "Èmi ni, sà, ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu Màmá ló ti jáde, nídìí ọbẹ̀ tí mo sè, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo sì ṣe kọ ọ́, mo bẹ̀ yín, Màmá, ẹ̀yin àti ẹni yòówù tó ń gbọ́ mi, ohun tí ẹ ń pa rẹ́ lójú ewé, ẹ kọ́kọ́ pa á rẹ́ lẹ́nu."