Kásẹ́ẹ̀tì Tí Ìyá Wahab Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka èyí dé ìdajì kí ẹ wá jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tán ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

1.

Lọ́dún 1986, èmi àti Wahab jọ ń gbé ilé kan náà ní Borokiri, ní Port Harcourt. Ògiri kan péré ló wà láàrin yàrá wa. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan nítòsí ibi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí. Ọmọ Ìkìrun ni, ó níwà, kì í bá èèyàn jà. Àmọ́ ẹ má dárúkọ Dagogo lójú ẹ̀ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀!

Dagogo yìí, àgbà olórin rọ́ọ̀kì ni, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ti ń ta gìtá kí ogun abẹ́lé tó dé. Wahab ò ka àwo tí wọ́n ń tà lọ́jà sí nǹkan kan. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo ló ń wá, níbi tí ariwo èrò wà, tí Dagogo ti ń bú onílù ẹ̀ láàrin orin. Tó bá gbọ́ pé ẹnì kan ní irú ẹ̀ ní Woji lọ́hùn-ún, á dìde lọ bá a. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin. Tó bá ti gba orin sí ọ̀kan tán, á ṣẹ́ etí ẹ̀, ìyẹn ike kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má lè gba nǹkan mìíràn lé e. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

2.

Lọ́jọ́ kan, èrò ọkọ̀ kan mú kásẹ́ẹ̀tì dé láti Ìkìrun. Ìyá Wahab ló fi ránṣẹ́. Ìyá ò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíì bá òun kọ ọ̀rọ̀ tó wà láàrin òun àti ọmọ òun. Ló bá ní kí Nímọ́tà, àbúrò Wahab, bá òun gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá, kó sì jáde síta. Ó sọ̀rọ̀ kún ojú méjèèjì. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe nígbà náà nìyẹn.

Wahab gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá kí i, ó kí ìyàwó, ó kí ọmọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì. Wahab rẹ́rìn-ín, ó pa ẹ̀rọ náà.

"Ìyá mi yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ jù! Màá gbọ́ ìyókù lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

3.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè yẹn, Gideon, ọ̀rẹ́ Wahab tó ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́, sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹ. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì eré kan tí Dagogo ṣe lọ́dún 1974 dání. Ọdún mẹ́fà ni Wahab ti ń wá a kiri.

"Wahab, no be my own o, na my oga get am. Our ship dey comot today. If you wan copy am, na now now!"

Wahab fò sókè. Ó wá kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, kò rí. Ó sáré dé títì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló wà ní títì pa, àwọn tó ni wọ́n ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ṣáà mọ Port Harcourt lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó padà wálé, ó mú ti ìyá rẹ̀.

Mùnírátù, ìyàwó ẹ̀, dì í lọ́wọ́ mú. "Bàbá Safurat, ẹ ò tíì gbọ́ ọ tán! Ẹ mú ọ̀kan nínú ti Dagogo yín."

"Àwọn yẹn? Níbo ni mo ti fẹ́ tún rí wọn? Ìyá mi wà níbẹ̀, wọ́n á tún sọ òmíràn."

"Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Wọ́n ti ṣẹ́ etí ẹ̀."

Òótọ́ ni. Nímọ́tà ti ṣẹ́ ẹ. Ta ló sì mọ ìtumọ̀ ìyẹn ju Wahab lọ? Ó ká bébà, ó ki í bọ ihò tí etí náà fi sílẹ̀ kí ẹ̀rọ lè tún gba nǹkan lé e, ó fi wáyà so ẹ̀rọ méjì pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Mo gbọ́ gìtá yẹn láti yàrá mi. Kí n má parọ́, ó dùn. Inú mi dùn fún un lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

4.

Lọ́jọ́ kọkànlá sí Sọ́ńdè yẹn, tẹligíráàmù dé. Ìyá ti kú. Kí Wahab tó dé Ìkìrun, wọ́n ti sin ín. Nímọ́tà dì mọ́ ọn, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kásẹ́ẹ̀tì yẹn ò dé ọwọ́ yín ni? Dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n kọ̀. Mo ní kí n tẹ tẹligíráàmù sí yín, wọ́n ní rárá, pé Wahab ti gbọ́ ohùn àwọn, ó ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí n gbé àga àwọn sí ẹnu ọ̀nà."



Nígbà tí Wahab padà dé Borokiri, ó ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú ẹ̀rọ. Èmi àti Mùnírátù jókòó tì í. Dagogo kọrin títí, èrò pàtẹ́wọ́, eré parí. Ṣùgbọ́n eré náà ò gùn tó kásẹ́ẹ̀tì. Ó ku díẹ̀ ní ìparí ojú kejì, ibẹ̀ sì ni ohùn ìyá ti jáde:

"...má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, Wahab. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn mí àfi tí mo bá rójú ẹ. Mò ń retí ẹ o, ọmọ mi."

Ó tán síbẹ̀. Wahab figbe ta: "Yéè! Mo ti pa ìyá mi!" A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ojoojúmọ́ ló ń dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn, tó ń gbọ́ ibi kan ṣoṣo yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ jẹ ẹ́. Ibi tí ìyá ti ń sọ̀rọ̀ gan-an ló já. Àwọn ti Dagogo ṣì wà ńlẹ̀, gbogbo wọn pé, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ wọn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Orin ò burú, kíkó o jọ ò sì burú. Àmọ́ tí òbí yín bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ dé ìparí, bó ti wù kó gùn tó. Ẹ má sọ pé ó wà níbẹ̀, á tún sọ òmíràn. Ẹ fún ẹlòmíì kà. Ṣùgbọ́n tí ìyá tiyín bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ ná.