Fọlárìn Akànṣẹ́ àti Ọmọ Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Un

Ohun tó ba ayé Fọlárìn jẹ́ kì í ṣe ọtí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe obìnrin. Ọkùnrin náà fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé ara òun ti ń dàgbà. Irú ìtàn báyìí máa ń rẹ̀ mí láti sọ, nítorí pé àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ kì í sábà jókòó gbọ́ ọ tán.

Ọmọ Ìṣẹ́-Èkìtì ni. Èkó ló ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì dún dáadáa. Ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì gbá, orí ilẹ̀ ni onítọ̀hún ti máa ń bi ara rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, ó padà wálé wá mójú tó oko kòkó bàbá rẹ̀. Bó bá ń kọjá lọ́jà, àwọn ọlọ́kadà á fọn fèrè, wọn á ní, "Ẹ̀gbọ́n Akànṣẹ́, a rí yín o!" Ọjọ́ tí wọ́n bá kí i báyìí, oúnjẹ á dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tí wọn ò bá kí i, kò ní bá ará ilé sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn tó ń ṣètò Ọjọ́ Ìlú fẹ́ fi ìjà ẹ̀ṣẹ́ dá àwọn ará ilé àti àwọn tó ti Èkó àti Ìbàdàn dé lára yá. Wọ́n rí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Jùwọ́n, ọmọ ọdún méjìlélógún, tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbá lulẹ̀ rí. Wọ́n wá ń wá ẹni tí yóò kojú rẹ̀. Fọlárìn ti lé lógójì dáadáa, kò sì sí ẹni tó ní i lọ́kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde.

Mojírádé ìyàwó rẹ̀ mọ ohun tí ará ìlú ò mọ̀. Dókítà kan ní Adó ti yẹ ojú òsì ọkọ rẹ̀ wò, ó sì ti kìlọ̀ pé bí ẹ̀ṣẹ́ bá tún bà á, ó lè fọ́ pátápátá.

"Bàbá Tóyìn, ùjà kọ́ ló kàn nínú ulé yìí," ni obìnrin náà wí. "Bí ojú yẹn bá lọ, ta ni yóò bá mi já kòkó?"

"Mojí, ṣé o ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí mi lọ́jà ni?"

"Mo gbọ́. Uyì uṣẹ́ tí ẹ ti ṣe ni wọ́n fi ń kí yín. Wọn ò ní kí ẹ tún wá jà."

Fọlárìn wọ bàtà, ó lọ sá eré rẹ̀.

Ohun tó wá ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tán ni ọjọ́ tí Jùwọ́n wá kí i nílé. Wọ́n kọ́ ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́. Bó ṣe wọ àgbàlá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní kí n wá kí yín ká tó pàdé. Fídíò yín ni mo fi kọ́ ùjà."

Nílẹ̀ wa níbí, ohun tí ọmọ gidi ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n Fọlárìn wo ẹ̀yìn ọmọ náà nílẹ̀, ó sì gbà pé ẹ̀rù òun ló ń bà á. Láti ọjọ́ náà ló ti dẹ́kun eré tó ń sá lójú ọ̀nà Ẹmùré láàárọ̀. Iyán ló ń jẹ, oorun ló ń sùn.

"Ọmọ tó nà gbalaja síwájú mi báyìí, ṣé ó lè gbọ́wọ́ sókè sí mi?" ló ń bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti jà, nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Jùwọ́n bọ̀wọ̀ fún àgbà lóòótọ́. Apá àti ìhà nìkan ló ń gbá, kò kan orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fọlárìn ń ju ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, àmọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibi tí ojú rẹ̀ rí, ọmọ náà á ti kúrò níbẹ̀. Ìjà ò tíì jìnnà tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ṣeni láàánú.

Jùwọ́n sún mọ́ ọn, ó sọ sí i létí wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká dì mọ́ra, ká parí ẹ̀. Ará ùlú á pàtẹ́wọ́ fún yín."

"Ìwọ ọmọ àná yìí! Ṣé ìwọ ló máa wá ṣàánú mi?"

Bí ọmọ náà ṣe sọ ọwọ́ kalẹ̀ tó tẹrí ba láti bẹ̀ ẹ́, Fọlárìn fi ọwọ́ òsì gbá a lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ jáde.

"Ẹ má bínú, sà," ni Jùwọ́n wí, ó sì wá jà bó ṣe mọ̀ ọ́n jà. Kò pẹ́ rárá. Ẹ̀ṣẹ́ kan ba ojú òsì Fọlárìn, ó sì wó lulẹ̀ bí àpò kòkó. Kí rẹfirí tó kà tán, Mojírádé ti sáré wọ inú okùn tí wọ́n fi yí ojú ìjà ká. Ojú náà ò ríran mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ọdún yí po, Ọjọ́ Ìlú tún dé. Fọlárìn jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ìyàwó rẹ̀ wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Kò lè já kòkó tó wà lókè mọ́, torí bó bá na ọ̀pá sí i, ẹ̀gbẹ́ kòkó ni ọ̀pá náà máa ń gbà kọjá. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i. Ó ń dá àwọn tó gba ọwọ́ ọ̀tún lóhùn. Àwọn tó gba ọwọ́ òsì ń bínú lọ, wọ́n ní ó ti gbéraga jù. Ariwo gbohùngbohùn ò sì jẹ́ kó gbọ́ ohùn wọn.

"Ìkíni ti dín kù nílùú yìí," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Jùwọ́n pàápàá, mo gbọ́ pé ó wà níbí. Kò tiẹ̀ wá kí mi."

Mojírádé wo ilẹ̀ lápá kejì ọkọ rẹ̀. Omi bọ́ lójú obìnrin náà.

"Bàbá Tóyìn, ẹ yíjú sápá òsì. Ó ti pẹ́ tó ti dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Bí ọmọdé bá bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ gbà á bí ọ̀wọ̀. Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rù ló ń bà á tàbí pé kò lágbára. Bí ìgbà yín bá ti kọjá, ẹ fi iṣẹ́ ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún ọ̀dọ́, kí ẹ sì gbọ́ ti ẹni tó fẹ́ràn yín nínú ilé ju ti àwọn tó ń pariwo yín lọ́jà. Ká ní Fọlárìn gbọ́ ti Mojírádé ni, ì bá máa fi ojú méjèèjì wo àwọn tó ń kí i.